Ta Ló Ni Orúkọ Àyèká?

"Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ ìlú wa, Àyèká, ní Jámánì, ojú ẹsẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ wa," ni Tíṣà Olúmidé wí, ó sì fọwọ́ lu kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí iléèwé. Ọdún 1998 ni. Iná ò sí láti àárọ̀, òkú ẹ̀rọ ló fi ń ṣàlàyé. Síbẹ̀, ẹnu Fúnlọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ò padé.

"Ta ló máa júwe ọ̀nà wa fún ará Jámánì, sà?"

"Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí ò bá sí lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀. Tí àwọn ọmọ Àyèká bá ti wálé Kérésì, ìlú á jókòó, a ó sì fi tiwa ránṣẹ́."

Orí Fúnlọ́lá wú. Ayé tó tóbi tó báyìí, orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba èèyàn! Àmọ́ ọmọ yìí ò ní sùúrù rárá. Nígbà họlidé gígùn, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Vincent lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Ékòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gba orúkọ Àyèká sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà á. Ṣebí tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ lóko, tó so ewé mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ṣé ìlú mọ̀ sí i?"

"Wọ́n á yìn wá tó bá yá."

Vincent bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá bá wọn ṣe é, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ni ín. Fúnlọ́lá ò ka ìyẹn sí. Nígbà tí Àyèká yọ lójú ẹ̀rọ, omi lé sí i lójú. Àyèká tiwọn ti wọ àárín ayé!

Kérésì dé, ìlú pé jọ. Tíṣà Olúmidé dìde, ojú rẹ̀ fà ro. "Mo lọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà l'Ákùúrẹ́. Ẹnì kan ti gba orúkọ wa."

"Èmi ni, sà! Mo ti so ewé mọ́ ọn!" Fúnlọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Bàbá rẹ̀, Ògúnṣínà, yíjú sí i. "Igi ìdáná la máa ń so ewé mọ́, Fúnlọ́lá. Ṣé o ti rí ẹni tó so ewé mọ́ odò tí gbogbo ìlú ti ń pọnmi?"

Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá Vincent. Ó ní orúkọ òun ló wà níbẹ̀, òun ò sì ní í fi sílẹ̀. Tíṣà kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fèsì pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Inú bí Ìyá Helen, olórí àwọn obìnrin. "Ṣé àwọn yẹn tiẹ̀ mọ Àyèká ni?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, mà," ni Tíṣà dáhùn.

"Ta ló wá fi wọ́n ṣe adájọ́ lórí orúkọ wa?"

"Ohun tí gbogbo ayé ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ báyìí nìyẹn, mà. Àwọn kan ní kí Amẹ́ríkà máa ṣàkóso orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn kan ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ jókòó tì í."

Ó ya àwọn ará ìlú lẹ́nu, ó sì bà wọ́n lẹ́rù, pé ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wọ ìpàdé Àyèká. Fúnlọ́lá bojú, ó ń sunkún.

Lọ́dún kejì, ó tẹ Àyèká ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mìíràn l'Ékòó. Bàtà ni ọ̀gá Vincent ń fi orúkọ náà tà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í yọjú wò ó.

"Ṣé orúkọ ilé bàtà ni Àyèká?"

"Rárá o," ni Fúnlọ́lá dáhùn. "Ìlú wa ni. Èmi ni mo dá gba ohun tó yẹ kí gbogbo wa jọ gbà, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ lọ́wọ́ wa."