Ọgbẹ́ Tí Nọ́ọ̀sì Kọ̀ Láti Rán

Olùkọ́ kan wà nílé eré-ìdárayá tó sọ ara rẹ̀ ní Àìdíbàjẹ́. Dígí ló yí ògiri ibẹ̀ ká, ọ̀gbẹ́ni yìí kì í sì í kọjá níwájú ẹyọ kan láìkí ara rẹ̀.

Nígbà tí iṣan èjìká rẹ̀ ya nídìí irin gbígbé, kò lọ rí dókítà. Pẹ́pítáìdì ló rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oògùn àtọwọ́dá tí àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ wò bóyá ó lè mú ẹran ara tó ya jinná. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kì í ṣe fún ènìyàn. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé òun kọjá ènìyàn. Ó ń gún un fún ara rẹ̀ ní balùwẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá a sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ó tún bá a sọ̀rọ̀ Jésù.

“Àǹtí mi, ẹ fi Olúwa yín sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ara tèmi ń tún ara rẹ̀ ṣe.”

“Ó dáa, àbúrò. Tó bá tún un ṣe tì, o mọ ọ̀nà wọ́ọ̀dù mi.”

Èjìká wú, ó pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀. Géńdé náà fi ẹ̀wù alápá gígùn bò ó, ó ní òtútù ń mú òun. Nígbà tí òórùn rẹ̀ lé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sá, àwọn ará ilé rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní bí kíkẹ̀ náà bá fi lè dé egungun, àwọn máa gé apá náà ni. Wọ́n là á, ọyún dà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wẹ ojú ọgbẹ́ náà.

“Àǹtí, ẹ ṣáà rán an pa. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ jíìmù rí ihò yìí.”

“Kí n rán an, kí ọyún máa ṣe fàájì lábẹ́ awọ? Láti ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti san wá sókè. Bí Jésù ṣe ń wo ẹ̀ṣẹ̀ sàn náà nìyẹn. Àwọn tó o ta oògùn yẹn fún ńkọ́?”

Géńdé yíjú sí ògiri. “Olúwa, mo purọ́ fún wọn. Ṣàánú mi.” Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé fóònù wá, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ti di wòlíì ni?” ni ọ̀kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Rárá o, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Da oògùn tí mo tà fún ọ nù.”

Wọn kò gé apá náà, ṣùgbọ́n kò lè fi gbé irin mọ́. Kò sì fi ẹ̀wù bo àpá rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, géńdé yìí ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, àbí? Rọra. Ohun tó o fi bo ọgbẹ́ tìẹ lè wuyì ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ: oyè, ẹ̀rín músẹ́, àga iwájú nínú ìjọ. Jésù ti gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì fọwọ́ bo imú. Ṣí i fún un lónìí.