Ta Ló Tu Ìrù Zeybek?

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje àkùkọ tí kíkọ rẹ̀ gùn jù gan-an ni Rıfkı ṣí àgò, tó bá àkùkọ rẹ̀, Zeybek, ní ìdí òfìfo. Gbogbo ìyẹ́ gígùn tó máa ń tẹ̀ kọrọdọ nídìí rẹ̀ ti lọ. Kò sì sí ẹni tó ń sin àkùkọ ní ìlú Denizli, ní Turkey, tí kò mọ̀ pé bó ti wù kí kíkọ àkùkọ gùn tó, bí kò bá nírù, àwọn adájọ́ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Inspẹ́kítọ̀ Haluk ni wọ́n rán wá. Inú ń bí i burúkú. Òun tó ti mú apànìyàn rí, ọ̀ràn adìẹ ni wọ́n wá gbé lé e lọ́wọ́!

"Ọ̀gá, Nafiz ni!" Rıfkı ń pariwo. "Aládùúgbò mi tí àkùkọ rẹ̀ ṣe ipò kejì léṣìí. Ó mọ̀ pé tí Zeybek bá gba ipò kìíní lónìí, oníbàárà tó ti ń dúnàádúrà rẹ̀ á rà á lówó ńlá, á gbé e lọ sí Istanbul. A ò tiẹ̀ gbọ́ pé ó ké!"

Saniye, ìyàwó rẹ̀, gbé tíì wá fún wọn. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Zeybek láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

Haluk kọjá sílé Nafiz. Ẹ̀rín ni ìyẹn fi pàdé rẹ̀.

"Ọlọ́pàá ńlá báyìí, ìdí adìẹ lẹ ń wádìí? Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ìwọ lo tu ú?"

"Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ní àlùmọ́gàjí nílé, kí ni mo fẹ́ máa fọwọ́ fà á sí? Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Haluk fìbínú jáde. Gbogbo wọn ló fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ lónìí. Ó padà sídìí àgò, ó gbé Zeybek, ó tú ìdí rẹ̀ wò. Kò sí kùkùté ìyẹ́ kankan níbẹ̀, ihò kéékèèké ló kù, awọ ibẹ̀ sì ń dán. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Epo ólífì ni.

Ó pe tọkọtaya náà jókòó.

"Ọ̀tá ì bá gé e," ló wí. "Ìyẹ́ tí wọ́n gé, kùkùté rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí àkùkọ á fi pààrọ̀ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fà tu, kíá ni òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ kí Zeybek pàdánù ìdíje òní, kò fẹ́ kó pàdánù ìrù rẹ̀. Ó tún fi epo pa á lára kó má baà ta á. Ta ni Zeybek lè jókòó sí lórí itan, kí onítọ̀hún máa tu ú níyẹ̀ẹ́, kí àkùkọ náà má ké?"

Rıfkı yíjú. "Saniye? Ìwọ?"

"Èmi ni! Tó bá lọ sí Istanbul, ta ni yóò máa gun àwọn adìẹ wa? Ìran àkùkọ tí baba baba rẹ sìn, òun nìkan ló kù!"

"Ọlọ́run ò! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"N ò sọ? Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, mo sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì! Aago lo ń wò, pé báwo ni kíkọ Zeybek ṣe gùn tó. Ohùn àkùkọ nìkan lo máa ń gbọ́ nínú ilé yìí, Rıfkı."

Haluk mí kanlẹ̀. "Ta ni kí n wá mú lọ báyìí?"

Nínú àgò, Zeybek na ọrùn, ó kọ. Ọwọ́ Rıfkı ti ń lọ sí aago, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì fi aago náà sílẹ̀.