Ewé Tí Kò Gbọdọ̀ Kúrò Lóko

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní Thamesmead, nílùú London. Bọ̀ọ̀dá Nasir, ẹ̀gbọ́n mi, ló lọ ṣí i, kò tíì bọ́ aṣọ tó fi ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́. Ọkùnrin méjì ló dúró síta, wọ́n ní àwọn ń wá Saadat. Èmi nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe. Ọ̀kan fi orí kàn án nímú, èkejì yọ ọ̀bẹ. Kó má bàa wọlé bá mi, Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ojú ọ̀bẹ mú. Onítọ̀hún fa ọ̀bẹ rẹ̀ yọ. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára ògiri, ó fọ́n sí mi lójú. Wọ́n ta á nípàá títí tí kò fi lè dìde mọ́, wọ́n da ọ̀rá ewé kan lé e lórí, wọ́n sá lọ.

Èmi ni mo kó ewé yẹn jáde.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi jẹ́ ẹ. Uncle Fọlárìn, àbúrò màmá wa, ń dáko hẹ́mpù lábúlé kan ní Kent. Ìbátan igbó ni hẹ́mpù, ewé wọn jọra bí ìbejì, àmọ́ tí èèyàn bá fa ti hẹ́mpù títí dọ̀la, ẹ̀fọ́rí lásán ló máa rí. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń lò: èèpo rẹ̀ di okùn àti aṣọ, wọ́n ń po inú rẹ̀ mọ́ ẹfun láti fi mọ ògiri ilé. Èèyàn mẹ́fà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn lábúlé náà ló ń jẹun níbẹ̀. Uncle ń retí ọjọ́ tí òun máa gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí abúlé wa ní Ìjẹ̀bú, tí òfin ibẹ̀ bá gbà. Àmọ́ ìwé àṣẹ ìjọba ní igi àti èso lè jáde, ewé kò gbọdọ̀ kúrò lóko. Ó sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá nígbà tí mo lọ ràn án lọ́wọ́ ní họ́lídé 2016.

Etí mi ti di. Bíyìí, ọmọ kíláàsì wa tí gbogbo èèyàn ń sá tẹ̀lé, kì í pè mí lórúkọ, "ọmọ Alfa" ló máa ń pè mí. Mo já ewé kún ọ̀rá, mo gbé e fún un ní Woolwich, mo ní igbó gidi ni. Ó pè mí ní Saadat lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí.

Bíyìí kó o fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n ń ta igbó ní àdúgbò Morris Walk. Wọ́n fà á, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ní a fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n lu Bíyìí títí eyín rẹ̀ méjì fi yọ, ló bá júwe ilé wa.

Ní ọsibítù, mo jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Láàárín oṣù kan, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Uncle, wọ́n fi katakata ro gbogbo oko náà mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sílé. Uncle ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Saadat, ewé tí ò lè pa eṣinṣin lo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n ẹ."

Àwọn ọkùnrin méjì tó wá sílé wa wà lẹ́wọ̀n báyìí. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá kò ká mọ́, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì láràárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má parọ́ torí kí ẹnì kan lè gba tiyín. Wọ́n ní ohun téèyàn bá gbìn ló máa ká. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Èmi ni mo gbin èyí, Bọ̀ọ̀dá Nasir ló ká a.