Ohun Tí A Kà Nílé Alágbàfọ̀

"Tí bàbá mi bá fẹ́ na ìyá mi, ó kọ́kọ́ máa ń súfèé."

Bí Adákẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló ti ń ka ohun tó kọ fún ẹgbẹ́ wọn. Ó ka bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn, tí á rọra bọ́ bẹ́líìtì bí ẹni tó fẹ́ lọ wẹ̀, tí á sì máa súfèé orin kan náà bó ṣe ń lu ìyá rẹ̀; ó súfèé orin náà fún wọn kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ó ka bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ki aṣọ bọ ẹnu kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ká ìwé náà, ó sì jókòó.

Obìnrin alágbàfọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ló dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé yìí sílẹ̀. Ó lè máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kó sì máa tún gbólóhùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Ẹ rántí òfin wa," ó ní. "Ohun tí a bá kà nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ló ń gbé. Kò lẹ́sẹ̀."

Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Ọ̀kan lára wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́, náà ní òun gbọ́, àmọ́ ìlara ti gba gbogbo inú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti rí ìkéde ẹgbẹ́ náà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tó sì wọlé wá, òjò àti òdòdó ló ń kọ ṣáá. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á ní "ó dára o", ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Kò sẹ́ni tí nǹkan tó kọ tíì ká lára báyẹn rí.

Níléèwé, wọn kì í ka Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kún. Àwọn ọmọbìnrin tó gbayì máa ń jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn nígbà ìsinmi, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Sisí sì ni ọ̀gá wọn. Lọ́jọ́ Ajé, Sisí na ìka sí i.

"Ìwọ òǹkọ̀wé ilé alágbàfọ̀, sọ ìtàn kan fún wa jàre. Gbogbo nǹkan ti sú wa."

Ẹ wo ọmọ yìí! Ó lè sọ ti òjò. Ó lè sọ ti òdòdó. Ti Adákẹ́ ló lọ mú. Ó kúkú gbìyànjú láti fi í pamọ́. Ó yọ orúkọ kúrò, ó yọ àdúgbò kúrò, ó sọ bàbá náà di awakọ̀. Nígbà tó kan súfèé, ó mọ̀ pé ó yẹ kó yọ ìyẹn náà. Ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti mú ènìyàn jù. Ó fi sílẹ̀, ó tiẹ̀ tún súfèé náà fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Sisí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, bàbá Adákẹ́ gan-an. Gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ débẹ̀ ló mọ súfèé ọ̀gá náà, torí bó ṣe ń súfèé nìyẹn tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Sisí sọ ìtàn náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lẹ́yìn ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì di ọ̀kan mú lọ́rùn, ó ń fi orí rẹ̀ gbá ọkọ̀ títí tó fi sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ilé alágbàfọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá.

Ní Sátidé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn já kúrò lára férémù. Mẹkáníìkì wọlé pẹ̀lú sípánà ńlá. Ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ó ń súfèé.

Àwọn ọmọ figbe ta, wọ́n ń wó lu ara wọn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sá sáàárín àwọn aṣọ tó wà lórí hángà, ó fara pamọ́ sẹ́yìn kóòtù kan. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìró sípánà lápá Adákẹ́, ká! bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá.

"Ìwọ lo gbé mi síta! Ta lo sọ ọ́ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan níta, Bàbá. Mo bẹ̀ yín!"

Sípánà tún balẹ̀ léjìká ọmọ náà. Ẹ̀rù ń ba Pẹ́lẹ́ńgẹ́ débi pé ìtọ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀. Tó bá dúró sẹ́yìn kóòtù yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gbọ́ tí Adákẹ́ tún ké, ó sì já jáde.

"Èmi ni! Èmi ni mo sọ ọ́ níléèwé! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Mẹkáníìkì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Alágbàfọ̀ ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná dání.

"Tún fọwọ́ kàn wọ́n," ó ní, "kí n lọ ojú ẹ bíi ṣòkòtò."

Ọkùnrin náà rò pé ẹnu lásán ni. Ó gbé sípánà sókè. Alágbàfọ̀ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn lápá, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Òórùn ẹran jíjó gba yàrá, sípánà bọ́, Mẹkáníìkì ń ké bí ọmọdé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìtòsí ló dì í mú títí ọlọ́pàá fi dé.

Mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá Adákẹ́ kó tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Eegun àgbọ̀n obìnrin náà ti ṣẹ́, wáyà ni dókítà fi dì í pọ̀, kò lè ya ẹnu. Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn, Adákẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"A ti fẹ́ sá lọ. Mọ́mì mi ti ń kó aṣọ wa sọ́dọ̀ Àǹtí Alágbàfọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó ku díẹ̀ báyìí ká lọ."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ìtàn mi ni. Èmi ló yẹ kí n yan ẹni tí màá sọ ọ́ fún." Ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n kó lọ síbi tí ẹnì kankan kò mọ̀ àyàfi Alágbàfọ̀. Ìròyìn dé pé Mẹkáníìkì ti gba béèlì. Alágbàfọ̀ pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ki aṣọ àwọn méjèèjì sínú àpò kan fún un.

"Ó ń ṣọ́ mi kiri, mi ò lè lọ. Ìwọ ni wàá gbé e fún wọn."

"Àǹtí, èmi kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe?"

"Ìwọ ni. Tí ibi tí wọ́n wà bá ti ẹnu ẹ jáde, á pa wọ́n." Ó sọ ojúlé náà sí i létí.

Ó lọ, ó jíṣẹ́. Bó ṣe ń bọ̀, ọwọ́ kan fà á wọ inú kọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì ti rí òfìfo àpò alágbàfọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó fún un lọ́rùn, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó tún béèrè. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, gbogbo ojúlé náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò sọ. Ìkúùkù balẹ̀ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, kí àwọn tó ń kọjá tó gbọ́ tí wọ́n sì ya bò wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ kò gba béèlì kankan fún Mẹkáníìkì.

Nígbà tó padà síléèwé, ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣì wú débi pé kò là. Sisí àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún, wọ́n ṣàyè fún un lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Kí ló ṣe ẹ́ lójú? Wá jókòó, sọ gbogbo ẹ̀ fún wa."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo àyè náà. Ó ti wá yé e, ó sì dùn ún wọra pé ó pẹ́ kó tó yé e, pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fọkàn tán wa sọ kì í ṣe tiwa láti fi wá gbajúmọ̀. Ẹ̀mí ẹni náà lè wà nínú rẹ̀.

"Mo ṣubú ni," ó ní, ó sì kọjá lọ sí kíláàsì.