Orúkọ Sàfúrátù Nínú Ìwé Aró

"Ta ló yọ orúkọ mi kúrò?"

Nílé ìtẹ̀wé kan ní Ìbarà ni ìbéèrè yìí ti dún. Sàfúrátù Láwàl, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mú ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé tuntun kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dání. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn aláró jókòó kó tó kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí aró àdìrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Ṣówándé, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, àti Mọ́ṣúdù Ṣéhù, akẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá a lọ́wọ́ sí i. Níbi gbogbo tí wọ́n ti tọ́ka sí iṣẹ́ náà nínú ìwé tuntun yìí, "Láwàl àti àwọn yòókù" ló wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Nínú èkejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di "Ṣówándé àti àwọn yòókù".

Sàfúrátù gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Mádáàmù, orúkọ kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń jí," ni ọlọ́pàá kan wí, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Inspẹ́kítọ̀ Dìran Ṣódípọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ta lẹ fura sí?"

"Bàbá Ṣówándé, sà. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú. Tó bá jẹ́ àwọn ni, mi ò tún ní ẹni tí mo máa pè ní bàbá mọ́."

Inspẹ́kítọ̀ bá Bàbá Ṣówándé nílé wọn ní Igbein.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín ṣáájú?"

"Èmi? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo kàn bá a nawọ́ ni, òun ló ki ọwọ́ bọ inú aró." Ohùn wọn rọ̀. "Ṣé Sàfúrá rò pé èmi ni?"

Inspẹ́kítọ̀ kò lè wojú wọn.

Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọ iṣẹ́ ìwádìí náà jọ sílé ìtẹ̀wé. Bándélé, tó ń lo kọ̀ǹpútà ibẹ̀, gbé omi wá. Ó kọ́kọ́ fún Bàbá, ó fún Ṣéhù, ó fún Sàfúrátù, kó tó wá kan Inspẹ́kítọ̀, tó kéré jù nínú wọn.

"Bándélé, báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń kọ orúkọ?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń to orúkọ sí i, sà. Bí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, á mú ti àkọ́kọ́, á pe ìyókù ní 'àwọn yòókù' níbi gbogbo."

"Ìwọ lo tún orúkọ tò."

Bándélé sún sẹ́yìn.

"Olè tó bá ń jí nǹkan fún Bàbá, Bàbá nìkan ló máa gbé síwájú," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n níparí ìwé, nínú àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n tọ́ka sí, níbi tí orúkọ wọn ti pé, Ṣéhù náà ti kọjá Sàfúrátù. Kí ni Ṣéhù fi jù ú? Ọjọ́ orí. Bí o ṣe pín omi náà nìyẹn."

Bándélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú. Mo rí Mádáàmù tí wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá níbí. Mo ní, ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún, báwo ló ṣe máa tò sẹ́yìn wọn? Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò rò ó dé ibi pé ẹ̀rọ máa gbé orúkọ Mádáàmù mì."

Sàfúrátù yíjú sí Bàbá. "Ẹ forí jì mí, sà."

"Dìde, Bándélé, tún un tò," ni Bàbá wí.

Ó tò ó. "Láwàl àti àwọn yòókù" yọ gbangba lójú ẹ̀rọ.

"Èmi ńkọ́?" ni Bàbá bi Sàfúrátù. "Ibo lo fi mí sí?"

"Ẹ wà nínú àwọn yòókù, sà."

"Ó dáa." Bàbá fọwọ́ lé e léjìká. "Ibẹ̀ tù mí lára."