Ahọ́n Helen

Mosúnmọ́lá, tí ògiri ilé wọn kan ògiri ilé Helen, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ kan tí à ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi ọsàn. Ó ní ní abúlé wọn lẹ́yìn Odògbolú ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tí ọ̀dá dá, tí iná ọyẹ́ jó oko tán, tí ẹni tó bá rí ẹ̀gẹ́ díẹ̀ wú nínú ilẹ̀ ń dúpẹ́.

Ikú ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Adébùsọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún, jẹun ọ̀sán tán, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ó bì, ara rẹ̀ le bí igi, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Olúṣẹ́gun àbúrò rẹ̀ náà ń bì lórí ẹní, àmọ́ ẹ̀mí ṣì wà lára tirẹ̀.

Helen dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, kò lè sún mọ́ wọn. Òun ni ìyáálé ilé náà, opó ẹ̀gbọ́n Walter; Walter ni bàbá ọmọ tó kú. Kò bímọ rí. Ohun tó dè é lẹ́sẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun àti Susannah, ìyá ọmọ, jà nítorí òkúta ńlá tí gbogbo ilé fi ń tẹ àpò gàrí. Àpò Helen ló wà lábẹ́ òkúta. Susannah ní kó gbé e kúrò kí òun lè tẹ tòun. Helen ní tòun kò tí ì kan.

Susannah ní, "Ta ni ẹ fẹ́ gbé e fún ná, Màmá? Ṣé èkúté?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Helen dé egungun. Ó ní, "Èyí tí ìwọ náà bá sè, kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun yín."

Gbogbo agboolé ló gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ sì kú, gbogbo agboolé ló rántí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òwìwí kan bà sórí páànù Helen, ó ń ké. Àwọn obìnrin fa ọmọ wọn wọlé. Ẹnìkan ju òkúta sórí òrùlé náà, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òkúta ń rọ̀ bí òjò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adìyẹ Susannah méjì ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n ní àjẹ́ ni Helen, pé ó ń ti ọ̀dọ̀ adìyẹ bọ̀ wá bá Olúṣẹ́gun ni.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Helen ju òkúta lọ ni ara rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ láti kékeré pé àjẹ́ kan wà tí kò mọ̀ pé òun jẹ́ àjẹ́, tó jẹ́ pé bó bá sùn, ẹyẹ inú rẹ̀ á jáde lọ. Ó wá ń bẹ̀rù oorun. Ó fi gèlè so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pé bí òun bá dìde lọ síbì kan, kí òun lè mọ̀. Bó bá ta jí, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò.

Bọ́dúnrìn, olórí ẹbí, ránṣẹ́ pé ẹbí máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé. Bí Helen kò bá jẹ́wọ́, kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ayépé. Ó ní bí Olúṣẹ́gun bá sì kú kó tó dìgbà náà, apá òun kò ní ká àwọn ọ̀dọ́. Helen kí Walter ní àárọ̀, Walter tí Helen fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n nígbà tí ìyá Walter kú. Walter gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n pàdé ni Helen ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ló bá rí òkèlè ẹ̀bà kan tí adìyẹ ti ṣá jẹ. Ó gbé e símú. Kò gbóòórùn kíkan rárá. Ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù kíá. Ó korò.

Ó wá yé e. Susannah kò rí òkúta lò. Ó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ó fi ọwọ́ fún un, ó yan án, ó sì fi tẹ ẹ̀bà fún àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Kò sí obìnrin Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé gàrí gbọ́dọ̀ kan lábẹ́ òkúta kí oró ẹ̀gẹ́ tó ṣàn jáde, ká má tiì wá sọ ẹ̀gẹ́ ọdún ọ̀dá, tí oró rẹ̀ máa ń le sí i. Àmọ́ ọmọ ń sunkún ebi.

Ara Helen kọ́kọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Ó rí ara rẹ̀ láàárín ẹbí tó ń na ìka sí Susannah: ìwọ lo pa ọmọ rẹ. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ó dùn. Ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ìdáríjì, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há síbẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń bẹ̀rù pé ahọ́n òun pa ọmọ, òun rè é tó ń pọ́n ọn láti fi pa ìyá.

Ó ní, "Jésù, inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ mo gbé e fún ọ báyìí, kó tó gbé mi lọ."

Ó dìde, ó kọjá sí ilé ìdáná Susannah. Susannah fa Olúṣẹ́gun mọ́yà, ó gbá orógùn mú.

"Ẹ má sún mọ́ wa."

Ìyáálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó. "Ìyókù gàrí ọjọ́ yẹn dà, Ìyàwó?"

Susannah fi ojú júwe igbá kan. Helen gbé e, ó dà á sínú ṣalángá, ó sì padà wá. "Kò kan," ló wí. "Òun ló pa adìyẹ."

Susannah wò ó títí. Orógùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Helen dì í mú, ó ní ebi ló ṣe é, òun náà ló sì fi òkúta dù ú.

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn, Màmá?"

"Mo ti dárí jì ọ́. Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Ní Sátidé, Bọ́dúnrìn bi Helen léèrè níwájú gbogbo ẹbí. Helen ní òun kì í ṣe àjẹ́, kò sì fi ohunkóhun kún un. Susannah jókòó ti Walter, ó dorí kodò. Ìbínú tún ta pútú láyà Helen. Ó gbé e mì. Nígbà tí wọ́n dájọ́ tán, ó gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Susannah tó dìde. "Gàrí mi ni," ló wí. "Mi ò jẹ́ kó kan. Màmá mọ̀, wọ́n bò mí láṣìírí." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀.

Walter dìde sí i, ó gbọ́wọ́ sókè. Helen ti padà dé àárín wọn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ní, "Walter, bóyá o fẹ́ na èmi náà mọ́ ọn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni." Walter jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Bọ́dúnrìn fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó sọ ẹrù kalẹ̀.

Helen ní, "Mo ti dárí ji gbogbo yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikú ọmọ bú ọmọbìnrin yìí láéláé. Àmọ́ ẹ̀rù yín ò tí ì kúrò lára mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn ní Ayépé."

Susannah di ìró rẹ̀ mú. Helen rọra tú ìka rẹ̀, ó súre fún un, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Mosúnmọ́lá ní wọ́n ń pè é, "Màmá, Màmá," àgbà àti ọmọdé. Ó dáhùn, ó ń dáhùn bó ṣe ń lọ, àmọ́ kò wẹ̀yìn títí igbó fi bò ó.