Òróró Tí Ìyá Àgbà Ń Gbá Dànù

"Ta ló tún da òróró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná?"

Ìyá Àgbà ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé ń bu oúnjẹ sínú abọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sọ nù. Oníyàwòrán, ọmọ Ìyá Àgbà tó bí àwọn ọmọ náà, ti wà lẹ́nu géètì ní tirẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni mọ́tò náà máa ń sùn, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé e lọ sẹ́nu géètì kí èéfín má bàa wọlé bá wọn.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì lọ wá iyanrìn. Ara rẹ̀ kò gba ìdọ̀tí rárá. Ohunkóhun tó bá kán sílẹ̀ nínú ọgbà yẹn, kí ẹlòmíràn tó rí i, ó ti bu iyanrìn lé e, ó ti gbá a dànù.

Mọ́tò náà ti dàgbà. Sàlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti lu, ó ń bú ramúramù bí ẹ̀rọ ìlọta débi pé àwọn ará àdúgbò ti sọ Oníyàwòrán ní Alọta. Bó bá ń kọjá, ẹnì kan á na abọ́ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ tiwa náà." Á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú. Ó ti ń tu owó jọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti àtúnṣe kan lọ, òní ló sì fẹ́ ná an. Bó bá ti já àwọn ọmọ sí súkúù nísàlẹ̀ òkè, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, yà kí wọn láàárọ̀ yẹn.

"Sàlẹ́ńsà ni mo fẹ́ ṣe," ni Oníyàwòrán wí fún un. "Ojú ń tì mí."

"Fèrèsé mọ́tò ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ ké láti inú ilé. "Bí òjò bá dé, èmi ló ń rọ̀ sí. Ẹ̀yin ti jókòó síbi tó gbẹ."

"Ẹ kùn ún lọ́dà, Bàbá," ni àkọ́bí wọn wí. "Wọ́n ní àwọ̀ mẹ́ta ló ní."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá ń ṣe lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àna mi?"

"Ọ́ìlì bíréèkì ni mo ń bù sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bù ú sí i, ó tún ti lọ sílẹ̀. Mọ́tò àgbà ni, ó ń mu ún."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹ̀gbọ́n. "Mọ́tò kì í mu ọ́ìlì bíréèkì bó ṣe ń mu epo. Bí páàdì bíréèkì bá ń jẹ tán lọ, ó lè dín díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó máa dín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀? Ó ń jò níbì kan."

Oníyàwòrán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò. "Níbo ló ti ń jò? Ilẹ̀ gbẹ táútáú."

Ẹ̀gbọ́n wọ inú mọ́tò, ó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ó ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ ìrọ̀rí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń tẹ̀ ẹ́ kó tó mú, àbí?"

"Ó ti mọ́ mi lára."

"Ọmọ tó bá sá bọ́ sójú títì kò ní dúró kẹ́ ẹ tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Oníyàwòrán wo ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè. Ó rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí ẹnu ọ̀nà súkúù, àti bí àwọn ọmọ ṣe máa ń kún ibẹ̀ láàárọ̀. Síbẹ̀ ó wo ilẹ̀ tó gbẹ. "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá ń jò ńkọ́? Ṣé kí n ná owó mi sórí ohun tí n kò rí?"

Ìyá Àgbà ló jáde, ó gbé abọ́ iyanrìn dání, ó sì forí lé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ́ìlì," ni ó wí, "ẹ ò tíì sọ ẹni tó ń da òróró síbí láràárọ̀ fún mi."

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má dà á," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Gbogbo wọn lọ wò ó. Ọ̀rinrin náà ń dán níbi tí táyà ẹ̀yìn sùn mọ́jú. "Kì í ṣe òróró," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ọ́ìlì bíréèkì ni; Màmá ti ń gbá a dànù kẹ́ ẹ tó rí i."

Oníyàwòrán yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sì fi í sápò. Àwọn ọmọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí súkúù, bàbá wọn pe mẹkáníìkì wá sílé, bíréèkì ló sì gba owó náà. Títí di òní, wọ́n ṣì ń na abọ́ sí Alọta. Sàlẹ́ńsà ló kàn, nítorí èéfín rẹ̀ léwu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àgbà, tówó ò sì tó, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ohun tó ń dá mọ́tò dúró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, àti ohun tó ń darí rẹ̀, táyà, àti iná tẹ́ ẹ fi ń ríran. Ẹ má ṣe fi èéfín tó ń wọ inú mọ́tò falẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀dà lè dúró. Bí bíréèkì bá ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má wà á lọ síbì kankan, ẹ pe mẹkáníìkì wá. Kẹ́ ẹ sì tó gbálẹ̀ ibi tí mọ́tò sùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó.